Ẹ̀rọ Mi Kò Mọ Ọjọ́ Iléyá

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mò ń gbàdúrà kí àwọn tó rí mi lọ́jọ́ náà gbàgbé rẹ̀. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà lọ́dọ̀ Àlàájà kan tó ń ta àgbò ní Ìgándò. Àlàájà ní ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ àgbò Iléyá á wo àwòrán wọn níbẹ̀, á yan èyí tó wù ú, wọn á sì gbé e wá bá a nílé. Èmi ni mò ń tọ́jú ìkànnì náà.

A máa ń háyà kọ̀ǹpútà ńláńlá tó wà lọ́nà jíjìn láti gbé ìkànnì náà ró. Bí èrò bá pọ̀, a ó háyà sí i. Bí èrò bá dín, a ó dá díẹ̀ padà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kí o tó rí i pé èrò ti pọ̀, ìkànnì á ti dákú. Ọ̀rọ̀ yìí gbà mí lọ́kàn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn lè mọ ọjọ́ tí èrò máa dé kí wọ́n tó dé. Ni mo bá kọ ètò kan tó ń ka àkọsílẹ̀ àwọn tó wọlé lọ́dún tó ṣáájú, tó ń fi ìyẹn mọ iye kọ̀ǹpútà tí a máa nílò lójoojúmọ́. Fúnra rẹ̀ ló ń háyà, fúnra rẹ̀ ló ń dá a padà. Inú mi dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín.

Mo lọ fi han Àlàájà. Ó wo ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ lójú kọ̀ǹpútà mi, èyí tó ń fi iye èrò ojoojúmọ́ hàn, títí, ó ní, “Ṣé ó mọ̀ pé òṣùpá là ń wò?”

Mo ní, “Àlàájà, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ó mọ gbogbo ẹ̀.”

Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mùsùlùmí ni mí, láti kékeré ni mo sì ti mọ̀ pé Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti èṣí lọ. Àgbò tèmi gan-an wà lórí ìso lẹ́yìn ilé tí mò ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó ń ké bí mo ṣe ń kọ ètò náà. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún ẹ̀rọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a ṣe ọdún, èrò rọ́ wọ ìkànnì láàárọ̀. Ètò mi yẹ èṣí wò, ó rí i pé nírú ọjọ́ yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń wá àgbò. Ó bá dá kọ̀ǹpútà méjì padà nínú mẹ́ta tí a ní. Ìkànnì dákú. Mo ta á jí, ó tún dákú. Mo fọwọ́ ara mi háyà mẹ́rin, kí n tó yíjú, ètò mi ti dá wọn padà, ó gbà pé mò ń fi nǹkan ṣòfò ni. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ya dé ọgbà Àlàájà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ń lọ ra tàwọn ní Ìkọ̀tún. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ọjọ́ pípẹ́ ni Àlàájà fi ṣiṣẹ́ kó tó ní orúkọ rere, èmi sì fẹ́ bà á jẹ́ ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ròkè.

“Ọmọ mi, ẹ̀rọ tó mọ gbogbo ẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ má bínú, mà. Iléyá èṣí ló ń retí.”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà ò mọ ọjọ́ Iléyá ni?”

Mo pa ètò náà, mo fọwọ́ háyà kọ̀ǹpútà tó tó. Ìkànnì jí lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n àwọn tó ti lọ kò padà. Àlàájà kò lé mi. Ó kàn ní kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgbà, kí n máa bẹ àwọn tó bá dé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ìyá àgbà kan tó bi mí bóyá àgbò inú kọ̀ǹpútà náà ń jẹ koríko.

Ohun tí mo kọ́ ni pé àná nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀; ẹni tó mọ ìdí tí àná fi rí bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ fún un. Mo rò pé mo ti gbọ́n tán, àfi ìgbà tí mo tan ètò náà padà lẹ́yìn ọdún Iléyá náà láì tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Iléyá, tí a ti jẹ ẹran tán, ó lọ háyà kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, torí pé nírú ọjọ́ yẹn ni èrò rọ́ dé lọ́dún tó kọjá. Gbogbo wọn dúró láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń retí èrò. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé. Àlàájà ni, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìkànnì òun ń ṣiṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì lè sọ bóyá ẹ̀rín nìkan ni.