Bí Mo Ṣe Ka Kóòdù Mi fún Ohùn Àgbà

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò jẹ́ tán lọ́kàn mi. Agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ó dá mi lójú, nítorí pé àkókò náà ṣì wà lára àwọn ìpè inú fóònù mi. Mo ti jókòó sínú ọkọ̀ akérò ní Àkúrẹ́, à ń dúró de ẹnì kan ṣoṣo tí yóò mú kí ọkọ̀ kún kí a lè gbéra lọ sí Oǹdó.

Mo ti jáde ní yunifásítì nígbà náà, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ kò sì sí. Epo mọ́tò wọ́n débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní mọ́tò ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó jẹ́ Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Oǹdó, ló sọ pé ọ̀rẹ́ òun kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Ó fi mí sínú ẹgbẹ́ ìjọ lórí Wásáàpù, ó ní kí n kọ́kọ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa àwọn háákà, ìyẹn àwọn tó ń já wọnú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Bí àwọn àgbà bá gbà pé mo mọ ohun tí mò ń sọ, òun yóò dárúkọ mi fún ọ̀rẹ́ òun. Nítorí náà, iṣẹ́ ni mò ń lọ wá, kì í ṣe ìwàásù. Mo kàwé sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

Nọ́ńbà tó pè mí kò ní orúkọ. Ohùn àgbàlagbà ni, ó sì ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé àlàáfíà ni, ọmọ mi?"

"Àlàáfíà ni, sà. Ẹ kú àárọ̀, sà."

"Ṣé o ò mọ ohùn mi mọ́ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró níbí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nílẹ̀ wa kò lè dá àgbà lóhùn pé "Rárá, n kò mọ̀ yín." Ńṣe ni a máa ń méfò. Èmi náà méfò.

"Àbí Bàbá Ìjọ ni, sà?"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ dáadáa. O ò gbàgbé wa."

Bí ẹ bá wò ó, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Mo tún fi kún un, láìjẹ́ pé ó bi mí, pé mo ti wà nínú ọkọ̀, mò ń bọ̀ wá bá ìjọ sọ̀rọ̀. Ó ní fóònù òun wà lórí iná, òun yá ti akọ̀wé lò. Ó ní àwọn fẹ́ fi mí sínú ẹgbẹ́ àwọn àgbà lórí Wásáàpù, nọ́ńbà mẹ́fà kan yóò wọlé sórí fóònù mi, kí n kà á fún òun. Ó sì wọlé. Gbólóhùn kan wà lábẹ́ rẹ̀ pé kí n má ṣe fún ẹnikẹ́ni. Mo rí i. Mo rò ó wò dáadáa: Bàbá Ìjọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Mo ka kóòdù náà fún un, mo sì tún un kà, kí ó má baà ṣì í gbọ́.

Kí a tó jáde ní Àkúrẹ́ ni Wásáàpù mi kò ṣí mọ́. Mo di ẹ̀bi náà ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Nígbà tí mo dé Oǹdó, mo dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Ìjọ, mo ní, "Ẹ ṣé fún ìpè àárọ̀ yẹn, sà."

"Ọlọ́run la ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ mi," ni èsì rẹ̀. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé àwọn àgbà wa máa ń gba ọpẹ́ kí wọ́n tó béèrè ohun tí a ń dúpẹ́ fún.

Gbọ̀ngàn ìjọ kún. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri. Mo sọ fún wọn nípa ọkùnrin kan nílùú òyìnbó tí wọ́n mọ̀ sí fèrè, nítorí pé ó ń fi fèrè ìṣeré ọmọdé ṣí ọ̀nà tẹlifóònù láìsanwó.

"Fèrè ọmọdé?" Màmá Tíṣà ló béèrè, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tó jókòó níwájú pátápátá.

"Bí mo ṣe kà á nìyẹn, mà. N kò sí níbẹ̀."

Mo sọ ti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n mọ̀ sí ètò kọ̀ǹpútà tó ń rìn fúnra rẹ̀, tó ń bí ara rẹ̀ sí i láti orí ẹ̀rọ kan dé òmíràn títí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi dákú. Mo wá dé orí ẹni tí mo fẹ́ràn jù, ẹni tí wọ́n mọ̀ sí ẹnu dídùn. "Ọkùnrin yìí," mo ní, "kò nílò láti já ilẹ̀kùn. Yóò pe òṣìṣẹ́ lórí fóònù bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ náà yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Òmùgọ̀ nìkan ló lè..."

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri gbọ̀ngàn.

"Tíṣà wa," Màmá Tíṣà na ọwọ́ sókè, "kóòdù tí o ní kí a fi ránṣẹ́ ti dé o. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ ni, àbí kí n kà á sókè?"

"Kóòdù wo, mà?"

"Ṣebí ìwọ lo kọ̀wé sí wa nísinsìnyí. Àwòrán rẹ rèé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara ẹ̀kọ́ ni. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ tò lójú mi: ìwúkọ́, fóònù akọ̀wé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kóòdù tí mo kà láàárọ̀ ni olè fi gba Wásáàpù mi, òun ló sì ń fi orúkọ mi kọ̀wé. Mo bojú wo ẹ̀gbẹ́, mo rí Bàbá Ìjọ tó ti wọ awò ojú, tó ń fi ìka kan tẹ nọ́ńbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohunkóhun tó bá ti orí fóònù yẹn jáde, ìjọ kì í jiyàn rẹ̀. Bí olè bá gbà á, gbogbo wọn ló gbà. Mo pariwo, jẹnẹrétọ̀ gbé ohùn mi mì. Mo fò kúrò lórí pèpéle, mo sì já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ìjọ dìde.

"Ọmọ yìí já nǹkan gbà lọ́wọ́ mi!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi kọ́."

"Ìwọ kọ́ lo já a gbà?"

"Èmi ni mo já a gbà, sà. Èmi kọ́ ni mo kọ̀wé yẹn."

Mo ti dọ̀bálẹ̀ báyìí, mo gbé fóònù náà sókè kí ó má fara kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀ wọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi kóòdù ránṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ròyìn ìpè àárọ̀.

"Ta ló wá fún olè ní kóòdù tìrẹ?" Màmá Tíṣà béèrè.

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ tí o ń kọ́ wa?"

"Ó ní ṣé n kò mọ ohùn òun mọ́ ni, mà."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ló rẹ́rìn-ín jù, nítorí pé kò sí ẹni tí kò tíì bi ọmọdé ní ìbéèrè yẹn rí nínú wọn. Màmá Tíṣà nu ojú rẹ̀. "Bàbá Ìjọ, ẹ fi í sílẹ̀ o jàre. Bó bá ti sọ pé òun ò mọ ohùn yín, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ sọ pé ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ."

Bàbá Ìjọ gba fóònù rẹ̀, ó nu ojú fóònù náà mọ́ agbádá. "Láti òní lọ," ó ní, "ọmọdé tó bá béèrè lórí fóònù pé ta ni mí, kò ṣẹ̀ mí." Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́, n kò sì ní ẹnu láti béèrè.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo rí Wásáàpù mi gbà padà. Ẹni tó pè mí, n kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Wọ́n mọ háákà kan sí fèrè, wọ́n mọ òmíràn sí ẹnu dídùn. Ní Oǹdó, wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tó já fóònù gbà lọ́wọ́ Bàbá Ìjọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nọ́ńbà mìíràn tí kò lórúkọ pè mí. Ohùn àgbà tún ni. "Bàbá Ìjọ ló fún mi ní nọ́ńbà rẹ. Èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé yẹn."

Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ ọ́. "Ẹ má bínú, sà, n kò mọ ohùn yín. Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín lójúkojú."

Fóònù kú. Mo jókòó, mò ń gbé e yẹ̀wò: bí olè bá ni, orí ti yọ mí, bí ọ̀gá bá ni, iṣẹ́ ti lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọkọ̀ lọ sí ilé-ìwé náà ní Oǹdó, wọ́n sì júwe ọ́fíìsì ọ̀gá fún mi. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn tábìlì gbójú sókè.

"Ṣé o ti wá mọ ohùn mi báyìí?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn: Ọ̀gá Ilé-Ìwé. Òun ni. Ó rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà ò lè mú un mọ́ra. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà sí mi. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lápò mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn án ni.