Bí Ládépò Àjàgbé Ṣe Fi Ìdá Nínú Ọgọ́rùn-ún Gba Adìẹ Rẹ̀ Lọ́wọ́ Ìkòkò Ọbẹ̀

Ẹ yà fún un, ẹ jẹ́ ó kọjá! Ládépò Àjàgbé ló ń bọ̀ yìí, ọmọ Oyèníran tó gbé kùmọ̀ ti paramọ́lẹ̀ nínú oko, tó lù ú títí kùmọ̀ fi kán, kí wọ́n tó sọ fún un pé láti àná ni paramọ́lẹ̀ náà ti kú; ọmọ-ọmọ Ọ̀jẹ́làdé tó gbọ́ pé ogun ń bọ̀, tó sì ṣáájú gbogbo ìlú dé ibi tí ogun kò sí. Ládépò tó jókòó níwájú nínú kíláàsì ìṣirò, nítorí pé ẹ̀yìn ti kún! Ọkọ Àbẹ̀jẹ́, akọni lóde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú ilé! Ilé ìdáná rẹ̀ ní Ìrágbìjí ló ti ja ogun tí mo fẹ́ ròyìn yìí, ẹ̀rù sì bà á díẹ̀.

Adìẹ méjì péré ló dá ogun náà sílẹ̀. Àbẹ̀jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní dúdú kan, Ládépò náà ní pupa kan tó sọ ní Wúràọlá, tó fẹ́ràn débi pé bí òjò bá ṣú, adìẹ náà ló ń kọ́kọ́ wá kó tó rántí aṣọ tó sá. Nígbà tí adìẹ méjèèjì sàba lọ́jọ́ kan náà, Àbẹ̀jẹ́ pàṣẹ pé èyí tí kò bá mọ ọmọ í pa dáadáa nínú wọn ni òun yóò fi se ọbẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun, Bùọ̀dá Fọlárìn, tó ń bọ̀ wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ pé, dúdú kó ọmọ mẹ́sàn-án jáde, Wúràọlá kó mẹ́jọ.

"Mẹ́sàn-án ju mẹ́jọ lọ," ni Àbẹ̀jẹ́ wí, ó ti ń wá ọ̀bẹ. "Bàbá Mọnísọ́lá, ẹ bá mi mú adìẹ yín wá."

Ládépò ti ń dìde láti lọ mú un. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀jẹ̀ Oyèníran máa ń sùn ni?

"Dúró ná, Ìyá Mọnísọ́lá! Ẹyin mélòó ni tìrẹ sàba lé?"

"Méjìlá. Tiyín sàba lé mọ́kànlá. Ṣé torí ẹyin kan ṣoṣo lẹ ṣe ń pariwo báyìí?"

Bí erin ṣe ń ya wọ igbó ni akọni wa ṣe ya wọ abẹ́ pẹpẹ tí ìtẹ́ adìẹ rẹ̀ wà, ó kúnlẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó na apá tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi lé ọ̀tá tí kò sí níbẹ̀, ó sì fà á jáde pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ àti ẹyin mẹ́ta tí kò pa. Ó yí wọn wò. Àmì èédú wà lára ọ̀kan! Ẹni tó bá ń sin adìẹ mọ̀ pé ẹyin kan là ń fi sílẹ̀ nínú ìtẹ́, tí a ó fi èédú sàmì sí, kí adìẹ má baà lọ máa yé sínú igbó. Bó bá wá fẹ́ sàba, a ó yọ ọ́ dànù torí ó ti bàjẹ́. Àbẹ̀jẹ́ ti yọ ti tirẹ̀. Ládépò ló gbàgbé ti Wúràọlá síbẹ̀, tí ìgbàgbé rẹ̀ sì fẹ́ kó bá adìẹ aláìṣẹ̀.

Àbẹ̀jẹ́ gbóòórùn ẹyin náà, ó yímú, ó gbà. "Ó dáa, mẹ́wàá ni tiyín. Mẹ́sàn-án ṣì ju mẹ́jọ lọ."

"Ẹyin wọn ò dọ́gba! Ká ní ọgọ́rùn-ún la fún kálukú wọn, mélòó ni ì bá pa nínú rẹ̀? Ohun tó yẹ ká bèèrè nìyẹn."

Ó mú èédú, ó dojú kọ ògiri. Ó gbé mẹ́wàá lé orí mẹ́jọ, ó fi ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, ó pín in, òógùn bò ó, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ sá kúrò lẹ́nu ọ̀nà: "Ìdá márùndínláàádóje nínú ọgọ́rùn-ún!"

Àbẹ̀jẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Kó sàba lé ọgọ́rùn-ún ẹyin, kó wá kó ọmọ márùndínláàádóje jáde? Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó lé yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n wá kí i ni?"

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ládépò wo ẹ̀yìn, ó rí i pé òun ti gbé gbogbo ẹyin sókè, òun sì fi èyí tó pa sísàlẹ̀. Èyí tó pa ló yẹ kó wà lókè, kí gbogbo rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó fi ìgùnpá nu ògiri. Mẹ́jọ lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rin. Ó pín in sí mẹ́wàá, ọgọ́rin. Ó yí sí ti dúdú: mẹ́sàn-án lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ó pín in sí méjìlá, níbi tí ọ̀pọ̀ alágbára ti ń ju èédú nù, ó sì bá márùndínlọ́gọ́rin níbẹ̀. Àbẹ̀jẹ́ tún un ṣe fúnra rẹ̀, ibì kan náà ló já sí.

"Tiyín mọ̀ ọ́n pa ju tèmi lọ lóòótọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò pa tèmi o. Kí wá ni Bùọ̀dá ó jẹ?"

"Ẹja!" ni aṣẹ́gun wí, inú rẹ̀ dùn, kò rò ó wò. Àbẹ̀jẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, Àbẹ̀jẹ́ gbé ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ síwájú wọn. Ègé márùn-ún ló gé e sí, ó bu mẹ́rin fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bu ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Mọnísọ́lá, kí lèyí?"

"Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni, Bàbá Mọnísọ́lá. Ẹ ṣírò ó wò."

Ládépò ṣírò ó nínú ọkàn rẹ̀. Ọ̀kan lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ó pín in sí márùn-ún. Ogún ni, kò lé, kò dín. Ó jẹ ègé kan rẹ̀ tán, ó lá ọwọ́, ó dìde dúró bí ọba, ó sì kéde pé láti òní lọ, títí ayé, ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ Ládépò Àjàgbé, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá adìẹ lẹ́jọ́ láìkọ́kọ́ bèèrè iye ẹyin tó sàba lé. Bùọ̀dá Fọlárìn, tí kò mọ nǹkan kan nípa ogun tó kọjá, pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì mú ègé kẹrin.