Koríko Òkun Tí Mo Wé Mọ́rùn

Mo lè gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ṣùgbọ́n n ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo wé koríko mọ́rùn lójú òkun Àpápá. Ẹ bi ará etí omi Ajégúnlẹ̀ léèrè: bí ìgbì bá le, ta ni wọ́n ń pè? Èmi ni. Ìwé mi ò pọ̀, àmọ́ kí n tó ra ọkọ̀ onígi tèmi, bátìrì mọ́tò ni mò ń ṣájì ní Boundary, nínú Ajégúnlẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní ásíìdì, omi kíkan inú bátìrì. Ó ti jẹ ṣòkòtò mi rí, ó ku díẹ̀ kó jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àǹtí kan láti yunifásítì ló háyà mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fẹ́ dé ibi òkúta ńláńlá tí wọ́n fi dí ìgbì, níbi tí koríko òkun hù sí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," mo ní. "Omi ló bí mi." (Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n kí ló kàn án?)

A débẹ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì. Àǹtí ti irinṣẹ́ kan bọ omi, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, òkun yìí ń kan sí i. Èéfín tí à ń tú sáfẹ́fẹ́ ló ń wọnú ẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ásíìdì díẹ̀díẹ̀. Ìkarahun ìṣáwùrú àti akàn ò ní le mọ́."

"Ásíìdì kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Koríko yìí ló ń gbà wá díẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń ràn, ó ń fa ohun tí èéfín kó wá mu. Omi tó yí i ká kì í fi bẹ́ẹ̀ kan."

 Mo wo ọkọ̀ mi: igi ni. Mo wo ẹsẹ̀ mi: ẹran ni. Ṣé kí n wá sọ fún obìnrin pé ẹ̀rù ń bà mí? Mo mú okùn, mo fò sórí òkúta láti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Àṣé koríko òkun ń yọ̀ ju ọbẹ̀ ilá lọ! Gbàá! Mo ti wà nínú omi, orúnkún mi bó, okùn sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Orúnkún yẹn ta mí dé ọpọlọ. "Ó ti ń jẹ mí o! Àǹtí, mo ń yọ́!" Mo dì mọ́ koríko bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá ẹ̀.

"Iyọ̀ omi ló ń ta yín, Ẹ̀gbọ́n! Ọkọ̀ ń lọ! Mi ò mọ̀ọ́ lúwẹ̀ẹ́ o!"

Mo gbójú sókè. Omi ń gbé ọkọ̀ àti Àǹtí lọ sójú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ òkun, ọ̀kan tó ru kọ̀nténà sì ń bọ̀, ó ń fọn fèrè. Ẹ́ńjìnnì mi rèé, ọwọ́ mi nìkan ló ń gbọ́. Mo máa ń fi ìyẹn fọ́nnu tẹ́lẹ̀. Bí mo bá dúró, koríko á gbà mí, ta ni yóò gba Àǹtí?

Mo fa koríko tu, mo wé e mọ́rùn, mo kì í bọ síńgílẹ́ẹ̀tì, mo gbé ìyókù lérí, mo bá lúwẹ̀ẹ́. "Olúwa, bó bá máa jẹ mí, kó fi ojú mi sílẹ̀!" Mo bá ọkọ̀, mo gùn ún, mo fa ẹ́ńjìnnì, ó kọ̀, mo tún fà á, ó dáhùn. Ọkọ̀ ńlá náà kọjá lẹ́yìn wa báyìí, ìgbì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú wa dé.

Nígbà tí ìgbì rọlẹ̀, Àǹtí wò mí láti orí dé ìdí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, kíkan tí mo ń wí, ahọ́n yín ò lè tọ́ ọ wò. Àwọn ẹran omi kéékèèké ló ń dà láàmú."

"Kí ló dé tẹ́ ò tètè sọ?"

"Ṣé ẹ bi mí ni?"

Láti ọjọ́ náà, Baba Eléwé ni wọ́n ń pè mí létí omi. Mo ti kọ́gbọ́n: ike ásíìdì kan ní Boundary kì í ṣe òkun, ẹni tó bá sì béèrè kì í fò lásán. Bí mo bá rí ẹni tó ń họ koríko kúrò lára òkúta, mo máa ń pariwo, "Fi í sílẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́!" Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà á rín in. Àmọ́ kí n má purọ́, díẹ̀ nínú ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ mi. Ta ló mọ̀la?