Bí Gbádégẹṣin Ṣe Ṣẹ́gun Eegun Màlúù ní Ìdí-Ọsàn

Fáìlì tí a fi ń fá irin ń ké, eegun ń fọ́n bí ìyẹ̀fun, òógùn ń ṣàn, Gbádégẹṣin kò sì gbójú sókè: Gbádégẹṣin ọmọ Oyèékànmí, ọmọ ọkùnrin tó fi okùn bàtà tún aago ògiri ṣe, ọmọ-ọmọ Bánkọ́lé tí kò rí ìṣó wíwọ́ nílẹ̀ rí kí ó má nà án tọ́, erin tí ń gun kẹ̀kẹ́, àrá inú ṣọ́ọ̀bù páànù, ọba gbogbo atúnkẹ̀kẹ́ṣe Ìdí-Ọsàn!

Adìyẹ ló dá ogun yìí sílẹ̀. Àwọn ará Òkè-Ìrókò ń bọ̀ wá ta lúdò ọdọọdún, adìyẹ Ìyá Abẹ́ní sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dáìsì kan ṣoṣo tí àdúgbò ní mì, ó ṣe bí àgbàdo ni. Òfin ìdíje náà sì le: onílé ní í pèsè dáìsì, bí kò bá ní, ti àlejò ni wọn yóò fi ta. Ta ni kò mọ dáìsì Òkè-Ìrókò? Lọ́wọ́ olówó rẹ̀, á máa bí ẹẹ́fà bí ehoro. Bó bá dé ọwọ́ ẹlòmíràn, á yàgàn. Òun ni wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ lọ ní èṣí.

"Ìyá Abẹ́ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa adìyẹ yẹn," ni Súnmọ́nù, akọ̀wé ẹgbẹ́ lúdò àdúgbò, ń bẹ̀.

"Adìyẹ mi tó ń yé? Ẹ kọ́kọ́ pa akọ̀wé tó da dáìsì sílẹ̀ bí ẹni ń bọ́ adìyẹ!"

"Ẹ má ṣòfò ẹran," ni Gbádégẹṣin wí. "Ẹ gbé eegun màlúù inú ọbẹ̀ àná wá fún mi, kí n fi gbẹ́ dáìsì."

Ó rẹ́ eegun bí ẹni bẹ́ orí ọ̀tá, ó fá a títí igun rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi dọ́gba, ó wá ki wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bọ iná, ó fi ń lu ojú sí i.

"Ọ̀gá, ẹ lu ti ẹẹ́fà kó jìn dáadáa, kó lè hàn," ni Súnmọ́nù wí.

Ó lù ú jìn. Wọ́n da dáìsì: ẹẹ́fà. Wọ́n tún un dà: ẹẹ́fà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹẹ́fà! Ihò jíjìn ti mú ẹ̀gbẹ́ ẹẹ́fà fúyẹ́, òun ló sì ń dojú kọ òkè. Àdúgbò hó yèè.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀! Ẹ̀san èṣí dé!"

"Olè kan ti wà ní Òkè-Ìrókò," ni akọni wí. "Ẹ ò ní fi ọwọ́ mi ṣe èkejì."

Ó lọ èédú kúnná, ó pò ó mọ́ àtè tí wọ́n fi ń lẹ táyà, ó sì dí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa bí ẹni mọ odi ìlú. Ó dà á nígbà ogójì. Kò sí nọ́ńbà tí kò jáde, kò sì sí èyí tó jọba.

Àwọn àlejò dé. Lámídì, olórí wọn, fi ìka méjì di igun dáìsì méjì tó kọjú síra mú, ó ń wò bóyá ẹ̀gbẹ́ tó wúwo yóò yí sísàlẹ̀. Kò yí. Ó dà á: oókan.

"Dáìsì yìí ò mojú ẹnikẹ́ni o," ló kùn, ó sì ti tirẹ̀ padà sápò.

Gbádégẹṣin nu fáìlì rẹ̀, ó gbọn aṣọ, ó gun kẹ̀kẹ́, ó sì ń lọ kí wọ́n tó ta ẹyọ kan, nítorí táyà ẹlòmíràn ń dúró. Kí gbogbo ayé gbọ́: láti òní lọ, ní Ìdí-Ọsàn, ẹni tó bá mọ títa lúdò ni yóò borí!