Bí Àlàájì Dàwódù Ṣe Ná Híta

"Kí ni wọ́n ń pè ní páìpù omi tútù?"

Gbàà! Àlàájì Dàwódù ló gbá tábìlì. Tíì fò jáde nínú kọ́ọ̀pù, ó dà sórí ìwé tí Ẹnjiníà Olúgbénró kó wá. Inú ìwé yẹn ló kọ gbogbo ohun tó máa rà sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀, kó lè so híta omi gbígbóná mọ́ balùwẹ̀ Àlàájì l'Ágége.

"Ibẹ̀ ni omi tútù máa gbà wọ inú híta, sà."

"Omi gbígbóná ni mo bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀. Ta ló bá ọ sọ omi tútù?"

"Àlàájì, omi tútù yẹn náà ló máa di gbígbóná o."

"Tí mo bá ra màlúù, ṣé mo tún máa ra ìyá tó bí i ni?"

Fìàù! Ó fi bírò fagi lé páìpù omi tútù.

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ jẹ́ n mí díẹ̀!

Ẹ má bá Àlàájì wí. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ná màlúù ní Oko Ọba, òfin kan ṣoṣo ló sì fi ń nájà: ohun tí a ò bá ní jẹ, a kì í sanwó ẹ̀. Á ní kí wọ́n yọ ìwo, kí wọ́n yọ pátákò, kí wọ́n yọ ìgbẹ́ tó wà nínú ìfun. Tí àwọn tó ń ta màlúù bá ti rí fìlà rẹ̀ lókèèrè, ńṣe ni wọ́n ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹran.

Olúgbénró náà ò lè janpata. Ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP ti gbá a dànù nílé-iṣẹ́ kan n'Ìkẹjà, ó sì ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ríṣẹ́ gbẹ̀yìn.

"Tẹmositáàtì ńkọ́?"

"Òun ló máa ń paná fúnra ẹ̀ tí omi bá ti gbóná tó, sà."

"Ṣé ọwọ́ mi rọ ni?" Fìàù!

"Ìdérí táńkì ńkọ́, sà?"

"Mẹ́fà ń bẹ nílé ìdáná ìyàwó mi." Fìàù!

Àna ló fa gbogbo wàhálà yìí. Àlàájì Mukhtar, bàbá ọmọ tó fẹ́ fẹ́ Modinat, ọmọ Àlàájì Dàwódù, ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ láti wá mú ọjọ́ nikáà. Làkúrègbé ò jẹ́ kó fi omi tútù wẹ̀. Ni Àlàájì Dàwódù bá la ẹnu gbàgà, ó ránṣẹ́ sí i pé, "Nílé tiwa, ara ògiri ni omi gbígbóná ti ń jáde." Kò tíì sí nǹkan kan lára ògiri ọ̀hún nígbà yẹn. Bí omi ò bá jáde lọ́jọ́ náà, ìtìjú dé nìyẹn.

Olúgbénró so ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìwé. Ó gbé táńkì ńlá kan kọ́ ẹ̀yìn ògiri, tápù kan yọ sínú balùwẹ̀. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀.

Àlàájì Mukhtar dé ní àárọ̀ Jímọ̀, ó ní òun fẹ́ wẹ̀ kí òun tó lọ kí ìrun. Àlàájì Dàwódù sáré lọ yí tápù wò.

Fùùùù.

Atẹ́gùn ló jáde. Aláǹtakùn kan tẹ̀ lé e.

"Sùlíyá! Sùlíyá o!"

Sùlíyá ìyàwó rẹ̀, tó ti ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná, wo tápù, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ò ra ìyá màlúù, ẹ wá ń wá wàrà."

"Omi ni kó o lọ sè, jọ̀ọ́!"

Wọn ì bá bu omi tútù sínú táńkì kí híta fúnra ẹ̀ sè é, àmọ́ iná ti lọ láti ìdájí. Sùlíyá gbé ìkòkò kaná. Àlàájì ká agbádá Jímọ̀ lé èjìká, ó gun àkàbà lẹ́yìn balùwẹ̀, ó da omi tó ń hó gba ojú táńkì tí kò ní ìdérí.

Ó ké sí Àlàájì Mukhtar tó ti wọ balùwẹ̀ pé, "Ẹ yí i, àna mi!"

Ṣàààà!

"Alihamudulilahi! Omi yìí mà gbóná o!"

Ìkòkò kejì. Ìkòkò kẹta. Omi ta sí Àlàájì lẹ́sẹ̀, ó fi eyín di etí agbádá mú kó má baà ké.

"Ó ti ń gbóná jù, àna mi! Ibo lẹ ti ń dín in kù?"

"Ẹ ní sùúrù, ó máa dín in kù fúnra ẹ̀!"

Sùlíyá sáré bu garawa omi tútù kan wá.

Nígbà tí Àlàájì Mukhtar jáde, ara rẹ̀ ń dán. Ó jókòó ní pálọ̀, ó tẹjú mọ́ fáànù.

"Àna mi, ohun kan yà mí lẹ́nu."

Àlàájì Dàwódù fi agbádá bo ẹsẹ̀ tí omi ta sí.

"Látìgbà tí mo ti dé, iná ò sí, fáànù yín ò yí. Híta yín sì ń ṣiṣẹ́ geere."

"Ẹ̀... ẹ̀rọ òyìnbó ni, àna mi."

"Irú ẹ̀ gan-an ni mo ti ń wá! Àwa ò níná lóko wa rárá. Ẹ bá mi fi ọ̀kan kún ẹrù ìyàwó."

Sùlíyá bá pariwo láti ilé ìdáná:

"Èmi ò bá ẹrù yẹn lọ o!"