Ìdí Tí Aláṣọ Dúdú Fi Ń Dí Kànga

Irun kan ti tú kúrò lára irunmú àlẹ̀mọ́ òṣèré náà. Ó nà gbọọrọ létí ẹnu rẹ̀, ó sì ń mì bó ṣe ń mí. Aláṣọ Dúdú, ọ̀dájú inú eré, ni ó ń ṣe. Ó dúró nínú yàrá ìmúra lẹ́yìn pèpéle, níwájú obìnrin tó kọ eré náà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí Aláṣọ Dúdú fi ń da iyanrìn dí kànga àwọn èèyàn?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti mọ̀ ni."

"Kò ní bàbá?"

"Kò ní. Kò ní ìyá, kò ní ìlú, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ níyà nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó kàn wọlé ni, ó sì dí kànga. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan nàró láàárín òǹwòran, ó kígbe pé, 'Ta lẹni yìí gan-an?' Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Bí mo bá dá a lóhùn, ó máa jókòó."

"Bàbá àfẹ́sọ́nà mi nìyẹn."

Obìnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n gbé pákó bo kànga wọn. Mo lọ tọrọ ọmọ wọn lọ́jọ́ Àìkú. Orí pákó náà ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi gbà mí lálejò."

"O ò ṣàlàyé fún un pé eré ni?"

"Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé eré ni. Ohun tí àwọn ò mọ̀ ni ìdí tí kànga dídí fi mọ́ mi lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀."

"Ìyìn gidi nìyẹn."

"Ọ̀gá, ìyìn kọ́ ni mo lọ tọrọ. Ẹ fún un ní ìdí kan. Ìdí kékeré."

Obìnrin náà fa ìwé rẹ̀ mọ́ra. "Ó dáa. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje."

"Ẹ má pa màmá mi. Bàbá ti rí wọn."

"Ìyá Aláṣọ Dúdú ni mo ń sọ!"

"Bàbá ò ní mọ ìyàtọ̀."

"Ó dáa, Aláṣọ Dúdú fúnra rẹ̀ mu omi kànga kan, ó dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù mẹ́ta."

"Wọ́n á ní mo lárùn lára. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rì sínú kànga. Ó wá ń dí wọn kí ẹlòmíràn má baà rì."

"Wolé-wolé lo sọ ọ́ dà yẹn."

Òṣèré náà jókòó lórí àpótí aṣọ. Irun náà bọ́ sórí orúnkún rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n má wá mọ́, ọ̀gá."

"Kí ni bàbá náà wí? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

"Wọ́n ní, 'Máa lọ. N kò fẹ́ tún rí ẹsẹ̀ rẹ nínú ọgbà yìí.'"

Obìnrin náà mú bírò, ó kọ ìlà mẹ́ta, ó sì kà wọ́n síta láìgbójú sókè:

"'Aláṣọ Dúdú kì í ṣe ẹni burúkú tẹ́lẹ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin kan tọkàntọkàn. Bàbá ọmọ jókòó lórí kànga, ó ní kó máa lọ.'"



"Ọ̀gá, bàbá ò ní káàánú mi o."

"N kò kọ ọ́ kó káàánú rẹ. Mo kọ ọ́ kó mọ ẹni tó sọ Aláṣọ Dúdú di ọ̀dájú."

Òṣèré náà dìde. Ó fi ìka méjì tẹ irunmú rẹ̀ mọ́ra dáadáa.

"Lọ́jọ́ Sátidé, màá bẹ ọmọ wọn kó mú bàbá wá jókòó sí àga iwájú. Bí eré bá ti parí, màá lọ bá wọn níbẹ̀, màá tún tọrọ ọmọ wọn. N kò ní yọ irunmú."