Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Àǹtí Télọ̀ Fi Òwú Sín

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, ìlẹ̀kẹ̀ má já sílé, má já síta, ibì kan ni yóò já sí? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á ni, ẹ sì ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá sì fẹ́ bi mí pé ṣé fóònù ti wà láyé nígbà tí òwe yìí bẹ̀rẹ̀, kí onítọ̀hún lọ jókòó sẹ́yìn. Èmi ni mò ń sọ̀tàn.

Obìnrin kan wà ní Ìrágbìjí tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló ti ń ránṣọ níbẹ̀, Àǹtí Télọ̀ sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí aṣọ, ẹnikẹ́ni kò lè já a ní koro nípa ìyẹn. Àmọ́ kò sí ohun tí ẹ lè sọ fún un tí kò ní í sọ pé òun ti mọ̀. Bí ẹ bá ní òjò ń bọ̀, á ní òun ti mọ̀ láti àná.

Àwẹ̀ró bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Oyèbọ́lá. Kánádà ni Oyèbọ́lá ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti pàdé Gbádébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, tí wọ́n jọ fẹ́ràn ara wọn. Ìyá Gbádébọ̀ ní tirẹ̀, iyùn àti ìlẹ̀kẹ̀ ló ń tà láti kékeré. Obìnrin yìí ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ìyàwó tó wá láti ilé ọ̀lẹ. Ọwọ́ ìyá, ló ní, lòun fi ń mọ ọmọ.

Nígbà tí Oyèbọ́lá gbọ́ èyí, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dùn. Ó ní, "Mà, ìyá mi náà ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń sín gbogbo èyí tí wọ́n ń wọ̀."

Ìyá Gbádébọ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí àwọn òbí méjèèjì rí ara wọn lórí fídíò ní Sátidé kẹta sí ọjọ́ náà, kí àna òun sì wọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, àwọn á wá tọrọ ọmọ. Bó bá jẹ́ irọ́, kí kálukú máa lọ ní tirẹ̀ ní àlàáfíà.

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ náà báyìí? Àwẹ̀ró kò mọ ìlẹ̀kẹ̀ sín. Bọ́tìnnì ló mọ̀.

Oyèbọ́lá fi ẹkún pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó jẹ́wọ́ ohun tó sọ. Ìyá rẹ̀ ní kó nu ojú nù. "Ta ló ní mi ò mọ̀ ọ́n? Nǹkan tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pọ̀ jù."

Bó ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ẹni tó lọ bá ni Adúnbárìn, ọmọdébìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìlẹ̀kẹ̀ nítòsí ọjà. Ẹ sì mọ bí iṣẹ́ kíkọ́ ṣe ń rí láàárín wa. Ọmọ iṣẹ́ ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń pọnmi, òun ló ń kúnlẹ̀ kí ọ̀gá. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ló rán aṣọ tí wọ́n fi sọ Adúnbárìn lórúkọ. Báwo lèèyàn ṣe máa ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbálẹ̀? Ọ̀gá ló ń kúnlẹ̀ kí ọmọ iṣẹ́ láràárọ̀, ọ̀gá náà ló ń gbálẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á sì máa fi ìka júwe ibi tí ìdọ̀tí ṣẹ́kù sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Adúnbárìn mú okùn ọ̀rá jáde, èyí tó le bíi ti àwọn apẹja. "Mà, okùn yìí la fi ń sín in. Tí a bá sín in tán, a máa so ó lẹ́ẹ̀mẹta, a máa kán gọ́ọ̀mù sójú kókó rẹ̀, lẹ́yìn náà a máa fà á wò dáadáa."

Àwẹ̀ró wo okùn náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fi òwú jẹun. Agbádá tí mo rán fún bàbá ẹ, ṣé ó ti tú?"

"Kò tú, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ló bá yọ òwú ìránṣọ nínú báàgì rẹ̀, ó fi wọ abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín ìlẹ̀kẹ̀ wàràwàrà. Ó so ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó fi eyín gé òwú náà bí àwọn télọ̀ ṣe máa ń ṣe. Adúnbárìn wo iṣẹ́ náà. Ó mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni ọmọdé fi máa sọ fún àgbà pé ohun tó ṣe kò dáa? Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó rẹwà gan-an. Ó kàn kù díẹ̀ ni." Àwẹ̀ró gbọ́ "ó rẹwà gan-an," ó sì ti dìde kí ìyókù tó dé etí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń kù díẹ̀, lójoojúmọ́ sì ni Àǹtí Télọ̀ ń gbé e lọ sílé.

Nígbà tí ọjọ́ fídíò ku ọ̀sẹ̀ kan, Adúnbárìn tún gbìyànjú. "Mà, ní ti fídíò, ẹyọ kan tó jókòó dáadáa lọ́rùn ti tó. Èyí tó bá ń dán jù, ṣe ni ìmọ́lẹ̀ á máa ta padà lára rẹ̀, wọn ò ní í rí ojú yín. Yẹtí tó bá sì gùn, ariwo rẹ̀ á máa wọ inú fóònù."

Àwẹ̀ró gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Ṣé o rí ojú tó máa gbé mi dé Abẹ́òkúta bó ṣe kéré tó? Bí mo bá wọ ẹyọ kan, báwo ni wọ́n ṣe máa rí i? Ohun tó bá máa gba ihò kékeré kọjá, ó yẹ kó pọ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Adúnbárìn wí.

Àwẹ̀ró wá sín ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn onípele márùn-ún, aláwọ̀ wúrà tó ń kọ mànà. Ó sín tọwọ́ mẹ́ta fún apá kan, mẹ́ta fún apá kejì. Ó ṣe yẹtí tó gùn dé èjìká. Òwú náà ló fi sín gbogbo wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní kí ọkọ rẹ̀ di fóònù mú kí àwọn fi ṣe ìdánrawò. Bàbá Oyèbọ́lá ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ kejì di fóònù mú. Àwẹ̀ró juwọ́, ó ní, "Ẹ káàsán, àna wa." Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ kan já, ó sì tú sínú abọ́. Bàbá Oyèbọ́lá kò rí i. Ó bu ẹ̀wà sẹ́nu, eyín rẹ̀ dún.

Ó ní, "Ìyá Oyèbọ́lá, ẹ̀wà yìí kò jinná."

Àwẹ̀ró ṣa ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tún fi òwú sín in. Ó wá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó bá a sọ̀rọ̀. "Mo bẹ̀ ọ́, ìlẹ̀kẹ̀ mi. Má já sílé."

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wọ ti ọrùn jáde kí àwọn ará àdúgbò lè bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan pè é lẹ́yìn, ó yí ọrùn padà kó lè dáhùn, ìpele méjì já lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn adìẹ rò pé àgbàdo ni. Kí ó tó lé wọn, wọ́n ti gbé mẹ́jọ mì, ọkọ rẹ̀ ló sì bá a tọ adìẹ lẹ́yìn káàkiri títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe rí i gbà padà. Ó tún un sín, ó sì fi kún àdúrà rẹ̀. "Má já sílé. Jọ̀ọ́, má já síta náà."

Ní àárọ̀ Sátidé, Adúnbárìn wá bá a nílé pẹ̀lú okùn ọ̀rá lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀. "Mà, ẹ dákun. Kò ní í gba wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un sín."

Àwẹ̀ró wò ó tìyanu-tìyanu. "O fẹ́ kí n parọ́ fún àna mi? Wọ́n ní ọwọ́ ara mi ni kí n fi sín in."

Adúnbárìn dìde lórí eékún. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, ó ń retí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ó wá ku ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Àwẹ̀ró rò ó títí. Ìlẹ̀kẹ̀ já sílé lẹ́ẹ̀kan, ó já síta lẹ́ẹ̀kan, òun sì ti bẹ̀ ẹ́ fún méjèèjì. Ibi tí kì í ṣe ilé, tí kì í ṣe ìta, ló kù kí òun jókòó sí. Ló bá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ méjì àga wà nínú pálọ̀, ẹsẹ̀ méjì wà níta. Ó gbé fóònù lé orí màṣíìnì ìránṣọ níwájú rẹ̀, ó sì ní kí ọkọ rẹ̀ gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Bàbá Oyèbọ́lá wọ agbádá sókè, ó wọ ṣòkòtò péńpé sísàlẹ̀, torí wọ́n sọ fún un pé fídíò kì í dé ìsàlẹ̀.

Ní agogo mẹ́rin, gbogbo wọn yọjú. Oyèbọ́lá àti Gbádébọ̀ wà lápá kan, Ìyá Gbádébọ̀ àti ọkọ rẹ̀, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wà lápá kejì. Ìyá Gbádébọ̀ wọ iyùn ẹyọ kan ṣoṣo àti yẹtí kékeré, ojú rẹ̀ sì hàn kedere.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ìlẹ̀kẹ̀ Àwẹ̀ró. Bàbá Gbádébọ̀ fọwọ́ bo ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mọ́tò ló ń bọ̀ lẹ́yìn yín yẹn?"

Àwẹ̀ró mi orí pé rárá. Yẹtí rẹ̀ gbá ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ó ń dún woroworo.

"Ẹ sọ fún ẹni tó ń fọ abọ́ yẹn kó sinmi díẹ̀," ni Bàbá Gbádébọ̀ wí.

Ìyá Gbádébọ̀ sún mọ́ fóònù. Ọrùn Àwẹ̀ró ló tẹjú mọ́. Oyèbọ́lá rí i bó ṣe ń wò ó, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́.

Àwẹ̀ró wá rántí pé òun kò tíì kí àgbàlagbà. Ó kúnlẹ̀. Bó ṣe ń dìde, yẹtí kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ìpele márààrún sì já. Ó fọwọ́ méjèèjì gbá a mú, tọwọ́ náà já. Ìdajì yí wọ pálọ̀, ìdajì yí lọ síta. Bàbá Oyèbọ́lá fò dìde láti ṣa á, ó tẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ̀, ó ṣubú lu fóònù, fóònù sì bá a dé ilẹ̀. Ohun tí àwọn ará Abẹ́òkúta rí lẹ́yìn èyí ni bàbá ìyàwó tó da ikùn délẹ̀ gbọọrọ níwájú wọn, nínú ṣòkòtò péńpé, tí agbádá bo orí rẹ̀.



Bàbá Gbádébọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àna mi, kí lẹ ń ṣe báyìí? Àwa la fẹ́ tọrọ ọmọ. Ẹ̀yin ni ẹ wá ń dọ̀bálẹ̀ fún wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Bàbá Oyèbọ́lá kò lè mí, kò sì lè dáhùn.

"Bí ẹ ò bá dìde, èmi náà á dọ̀bálẹ̀ fún yín."

Kò dìde. Ni àgbà ọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́ ní Abẹ́òkúta, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gán síbẹ̀. Gbádébọ̀ rí bàbá rẹ̀ nílẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀ ní Kánádà, ó forí sọ tábìlì. Ọkùnrin mẹ́ta wà nílẹ̀ ní ibi mẹ́ta, kálukú ń retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ dìde.

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ó rò pé ìgbéyàwó ọmọ òun ti bàjẹ́, ẹnu òun ló sì bà á jẹ́. Ó gbé fóònù nílẹ̀. "Ẹ má torí tèmi fìyà jẹ ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi kọ́ ọ. Òwú ìránṣọ ni mo fi sín in. Ọ̀gá mi mú okùn gidi wá fún mi, mo kọ̀ ọ́."

Adúnbárìn, tó ti ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ àga, gbé orí sókè. Kò gbọ́ "ọ̀gá mi" lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìyá Gbádébọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àna mi, mo ti mọ̀ pé òwú ni láti ìgbà tí ẹ ti jókòó. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá sín kì í wó báyẹn lọ́rùn. Bí ẹ bá sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń ṣe é, ǹ bá ti pa fóònù. Àmọ́ ẹni ọdún yín tó lọ jókòó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọdé nítorí ọmọ rẹ̀, kò sí ọ̀lẹ nílé yẹn. A ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ. Kí n kọ́kọ́ wá ẹni tó máa bá mi gbé bàbá yìí dìde."

Oyèbọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ayọ̀ níbẹ̀ yẹn. Àwẹ̀ró nu ojú, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan kún un.

"Ohun tí kò yé mi ni pé mo bẹ ìlẹ̀kẹ̀ yìí, mà. Mo ní kó má já sílé, mo ní kó má já síta. Ẹnu ọ̀nà ni mo sì jókòó sí."

Ìyá Gbádébọ̀ ní, "Àna mi, pẹ̀lú òwú yẹn, ẹ̀bẹ̀ wo ló fẹ́ gbọ́? Ìlẹ̀kẹ̀ má já sílé, má já síta, ibì kan ni yóò já sí."

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ tí wọ́n sọ ọ́ di òwe. Torí pé Ìyá Gbádébọ̀ kò fẹ́ dójú ti Àǹtí Télọ̀ ni kò ṣe dárúkọ ibẹ̀, ó kàn ní "ibì kan." Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ìlẹ̀kẹ̀ má já sílé, má já síta, ẹnu ọ̀nà ni yóò já sí.